Bí Fóònù Bá Lọ Lónìí, Báwo Ni Àárọ̀ Ọ̀la Yóò Ṣe Rí?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ìdí iṣẹ́ bọ̀, tí ẹ ò tíì fẹnu kan oúnjẹ ọ̀sán, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ti fóònù àti adójútòfò, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìnṣọ́ránsì: ṣé ó yẹ kéèyàn ṣe é, níbo ló sì ti yẹ kó ṣe é? Ọdún 19 ni mo lò nídìí tábìlì tí àwọn èèyàn ń gbé ìwé òfò wọn wá, ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Dùgbẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. N kò polówó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú mi rí nídìí tábìlì yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Bí wọ́n bá já fóònù yín gbà nírọ̀lẹ́ yìí, kí lẹ máa ṣe láàárọ̀ ọ̀la? Ẹ má sọ iye tí ẹ rà á fún mi o. Àárọ̀ ọ̀la ni mo ń bèèrè.

Arákùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ń dán, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lé ní ₦700,000. Ó ní òun á wọkọ̀ lọ sí Kuin Sínẹ́mà, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, òun á ra èyí tó kéré sí i, inú òun á bàjẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó tán. Màmá tó jókòó tẹ̀lé e ń ta ẹlùbọ́. Fóònù tiwọn ò ju ₦90,000 lọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lahùn. Wọ́n ní orí WhatsApp ni gbogbo oníbàárà àwọn tó wà l'Ékòó ti ń sọ iye àpò tí wọ́n fẹ́, orí fóònù yẹn kan náà ni àwọn ti ń rí i pé owó ti wọlé, àwọn ò sì ní owó tí àwọn máa fi ra òmíràn àfi bí ẹlùbọ́ tó wà nílẹ̀ bá tà. Báwo ló ṣe fẹ́ tà nígbà tí fóònù ti lọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn. Bí ajẹ́ntì bá wọ gbọ̀ngàn yìí, ọ̀dọ̀ arákùnrin wa ni yóò kọ́kọ́ lọ, torí pé fóònù tó bá wọ́n ni owó adójútòfò rẹ̀ máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n màmá ẹlẹ́lùbọ́ ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ má fi iye tí ẹ ra fóònù pinnu. Ẹ fi iṣẹ́ tí yóò dúró bí fóònù bá lọ pinnu. Ọmọ tó ra fóònù àwìn, tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tiẹ̀ náà le: fóònù lè lọ, gbèsè ò ní bá a lọ.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí a sọ nǹkan yìí ná: adójútòfò. Bó ṣe ń dún létí mi, ohun tó ń dójú ti òfò ni. Kò sọ pé òfò ò ní wá. Àwọn bàbá wa ti mọ irú ẹ̀ tipẹ́. Bí ilé ẹnì kan bá jó, ẹgbẹ́ á dá owó jọ, àdúgbò á sì jáde wá bá a gbé ilé dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Royal Exchange ṣí ẹ̀ka sí Èkó ní 1921, èyí tí a ń kọ sínú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ rẹ mọ̀ ọ́ lójú, ó bá ọ pa iná ọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ ò mọ̀ ọ́ rí. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ló mọ̀, ohun tí kò bá sí nínú ìwé, bí o sunkún ẹ̀jẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní fóònù kan tó ₦250,000, wọ́n sì ní kí o máa san náírà 8 lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan lọ́dún. ₦20,000 nìyẹn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, wọ́n já a gbà. Wọn ò ní kó ₦250,000 fún ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ti ogbó, nítorí fóònù tí o ti lò fún oṣù mẹ́wàá kì í ṣe tuntun mọ́. Ká ní wọ́n yọ ìdámẹ́rin, ó ku ₦187,500. Wọ́n á tún yọ ìpín tìrẹ, ìyẹn apá tí ìwé ti sọ látilẹ̀ pé ìwọ fúnra rẹ ni yóò gbé e nínú òfò náà. Ká ní ìdámẹ́wàá ni, ₦18,750 tún lọ. Ohun tó máa dé ọwọ́ rẹ ni ₦168,750.

Ẹ wá wo iye ìgbà tí ₦20,000 wà nínú ₦168,750. Ó lé díẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ. Èyí ni pé bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́jọ ni irú òfò tí ìwé ń san máa ń bá ọ, ohun tí o san àti ohun tí o gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwọ lo jèrè. Bó bá sì jẹ́ pé láti ọdún 2001 tí GSM ti wọ Nàìjíríà, fóònù kan ṣoṣo ló tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ilé-iṣẹ́ lò ń bọ́. Iye tí mo sọ wọ̀nyí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ fi èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n bá gbé wá bá yín rọ́pò wọn, ìṣirò ọ̀hún ò yí padà.

Nítorí náà, iṣẹ́ alẹ́ tí mo fún yín rèé. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo fóònù tó ti bọ́ lọ́wọ́ yín láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Kí ẹ wá kọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó já sínú ṣálángá. Èyí tí ọmọ jókòó lé. Èyí tí ẹ gbàgbé sórí káńtà. Ọ̀nà tí fóònù gbà lọ ló ṣe pàtàkì ju iye tó lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Obìnrin kan tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Micra ló wọ̀ ní Ìwó Road, ó ń lọ sí Agodi Gate. Àwọn méjì fún un láàárín lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀kan ní kó jọ̀ọ́ bá òun sún díẹ̀, aṣọ òun há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, síìpù báàgì rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obìnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe o: ó ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti lọ búra ní kóòtù Ìyágankú, rìsíìtì tó fi ra fóònù wà nínú ọ̀rá, kò tilẹ̀ ká. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi dùn sí i. Mo wá ṣí ìwé àdéhùn rẹ̀ dé ojú ewé kẹta. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ yóò san owó bí olè bá fi ipá tàbí ìdẹ́rùbani gba fóònù, tàbí bó bá fọ́lẹ̀kùn wọlé gbé e. Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú obìnrin yìí. Ńṣe ni wọ́n rọra yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀.

Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá bi mí léèrè, ó ní, "Mà, ṣé ó yẹ kí n ti bẹ olè yẹn kó gbá mi létí ni?"

N kò rí nǹkan kan sọ. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún un. Ó dùn mí títí dòní, torí pé ó ń san owó rẹ̀ déédéé fún ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé olè méjì ló wà: olè tó ń já nǹkan gbà àti olè tó ń yọ nǹkan lápò. Nínú ọkọ̀ èrò Ìbàdàn, ìkejì yẹn ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń dé tábìlì mi. Nítorí náà, bí ajẹ́ntì bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má bi í pé "ṣé olè wà níbẹ̀?" Yóò ní ó wà. Ẹ bi í báyìí: bí wọ́n bá yọ ọ́ lápò mi láìmọ̀ ńkọ́? Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ńkọ́? Kó fi ìka tọ́ka sí ibi tó wà nínú ìwé. Bí kò bá rí i tọ́ka sí, kò sí.

Ti omi náà ńkọ́? Mo tẹ̀lé àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Kuin Sínẹ́mà lọ́jọ́ kan. Fóònù ọ̀hún kò tíì pé oṣù márùn-ún, òjò ló pa á lórí ọ̀kadà. Àbúrò mi ní kò séwu, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣèlérí ọdún kan. Ọmọkùnrin yẹn fi abẹ́rẹ́ yọ ibi tí síìmù ń wọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, ó sì ní kí n wò ó. Bébà pẹlẹbẹ kan wà nínú lọ́hùn-ún, kò tó ẹyọ ìrẹsì. Funfun ni wọ́n ṣe é sínú fóònù. Ó ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Bí omi bá ti kan bébà yìí, pípọ́n ló ń pọ́n, kì í sì í padà funfun mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò ní ilé àtúnṣe ilé-iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá sì ti rí i pé ó pọ́n, ìlérí ọdún kan ti parí.

Ìlérí ọdún kan kì í ṣe adójútòfò. Àṣìṣe ọwọ́ ẹni tó ṣe fóònù ni ó wà fún: bátìrì tó kọ̀ tí kò gba iná, ojú fóònù tó ṣú láìjẹ́ pé ó já bọ́. Fóònù tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó sì máa ń fi IP68 yangàn, àmì tó ń sọ bí fóònù ṣe lè dènà eruku àti omi tó, ẹ jọ̀ọ́, 8 tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni ti omi. Omi mímọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi dán an wò, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, lórí fóònù tuntun. Omi ọṣẹ, omi iyọ̀, fóònù tí wọ́n ti tú wò lẹ́ẹ̀mejì ní Kuin Sínẹ́mà, ìyẹn ò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ yín ò gùn lọ́wọ́ mi. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tí mo kà, fóònù tuntun tó ní rìsíìtì ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì fẹ́ kí o mú un wá kí ó tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun gba tòkunbọ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ fóònù náà, kí ẹ tó yọ owó.

Ó wá ku ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣe é. Ibí yìí, èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀, èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ náà jẹ. Mo ra fóònù ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nínú ìlú yìí. Wọ́n ní bí mo bá fi ₦9,000 kún un, adójútòfò ojú fóònù wà fún ọdún kan. Wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì, wọ́n sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó máa san án. Oṣù keje, fóònù já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Nígbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n wá orúkọ mi títí, wọn ò rí i. Ṣọ́ọ̀bù ti gba owó lọ́wọ́ mi, kò fi ránṣẹ́. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe.

Òfin tó wà nídìí èyí ni pé kò sówó, kò sí adójútòfò. Ó ti wà nínú òfin adójútòfò ọdún 2003, ṣùgbọ́n láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó adójútòfò ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un. Bí owó rẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ti gba ipò ti 2003. Nítorí náà, ẹ lè ra á nínú ṣọ́ọ̀bù bó bá rọrùn fún yín, ṣùgbọ́n rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù nìkan ò tó. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn tó ní nọ́ńbà, tó ní orúkọ yín, tó sì ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra rẹ̀ wá. Kí ẹ tó kúrò nídìí káńtà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ ka nọ́ńbà yẹn sí wọn létí. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà lórí ìkànnì NAICOM. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì kọ̀ láti san ohun tó yẹ kó san, NAICOM náà ló ń gba ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Alhaji kan bi mí níbí pé ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀sìn, Takaful wà: àwọn tó dá owó pọ̀ ló ń ran ara wọn lọ́wọ́, owó èlé ò sí nínú rẹ̀. NAICOM ti ṣe ìlànà fún un láti 2013, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà. Ẹ bá àáfà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn ju agbára tèmi lọ.

Ẹni tí ìṣirò alẹ́ rẹ̀ bá fi hàn pé kò nílò adójútòfò, kó má kàn jókòó lásán. Bí o bá ń dá ₦100 lójúmọ́ fún alájọ, tó sì ń yọ ọjọ́ kan tirẹ̀ lóṣù, ₦2,900 ló máa kù fún ọ nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Lọ́dún, ₦34,800. Owó yẹn kò bèèrè bóyá wọ́n já fóònù gbà ni tàbí wọ́n yọ ọ́ lápò, tàbí ó já sínú kànga. Bí nǹkan kan ò bá sì ṣe fóònù, owó ṣì jẹ́ tìrẹ. Àléébù rẹ̀ kan ni pé bí fóònù bá lọ ní oṣù kejì, ₦5,800 ló wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún màmá ẹlẹ́lùbọ́ pé kí wọ́n ṣe adójútòfò, mo sì sọ fún arákùnrin wa pé kó dá àjọ. Màmá ò lè dúró de ìgbà tí owó á pé.

Ohun kan tún wà tí ìwé àdéhùn fóònù kì í san: owó tó wà nínú báńkì yín. Láyé àtijọ́, ẹni tó gbé fóònù rẹ, fóònù ló gbé. Lónìí, kọ́kọ́rọ́ ilé owó rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá lọ, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti àpò owó yín pa, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù kí wọ́n dá nọ́ńbà yín dúró, kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà, ẹ pè é lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní gbèdéke wákàtí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà tí ẹ máa pè yìí sórí bébà nílé, torí pé orí fóònù tó lọ yẹn ni gbogbo wọn wà.

Nínú oríkì ìlú wa, a máa ń pe Ìbàdàn ní ibi tí olè gbé ń jàre olóhun. Mo máa ń rántí rẹ̀ nídìí tábìlì mi. Olóhun ló ń jókòó síwájú mi tó ń làágùn, òun ni mo ń bi ní ìbéèrè, òun ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní nǹkan rí. Olè ti lọ ní tiẹ̀. Ohun tó ń gba olóhun là ni bébà: rìsíìtì, páálí fóònù, àti nọ́ńbà IMEI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ò tíì rí nọ́ńbà yìí rí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é níbí. Ẹ mú fóònù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ pe èèyàn: *#06#. Nọ́ńbà kan tó ní díjíìtì 15 ló máa jáde. Ẹ mú báírò.

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n ń dà á kọ, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpè tí wọ́n fi pè wọ́n wá. Bàbá kan gbọ́wọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó ní méjì ló jáde lórí tòun, èwo ni kí òun kọ? Mo ní síìmù méjì ni fóònù wọn ń gbà ni ó fi rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ méjèèjì. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ ti kọ tiwọn tán. Wọ́n ká bébà náà sí mẹ́rin, wọ́n tì í sábẹ́ gèlè, wọ́n wá bi mí pé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò yìí, ṣé wọ́n máa ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé.